Ẹ̀bùn tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe fún ará ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀

Bí ọdún àwọn ìyá bá ti ń kanlẹ̀kùn ní ìparí oṣù Karùn-ún, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ohun tí wọ́n lè ṣe fún ìyá wọn láìná owó oúnjẹ. Bí ìyẹn bá lọ, ó kan bàbá, ó kan ọmọ, ó kan Iléyá àti Kérésìmesì. Mo kó àwọn ìbéèrè tó ń padà wá jù síbí. Àwọn ìdáhùn kan gùn, àwọn mìíràn kò gùn, torí ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba.

Mi ò lówó lọ́wọ́ rárá. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má tíì lọ sí ọjà Ouando. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sọ́jà, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò rà. Ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ló ń lò lójoojúmọ́ tó ti gbó? Kí ló máa ń wá kiri inú ilé? Ìyá tó ń gbé igbá ata lórí láàárọ̀ kò nílò òdòdó bébà tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí eruku á máa bò. Òṣùká tó rọ̀, tó sì bá orí rẹ̀ mu ló máa dùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí inú ilé ká: ìró tó ti ṣá, ìgò, agolo, páálí ẹyin, kàlẹ́ńdà èṣí, àgbọn tó wà ní kọ̀rọ̀. Ní tèmi, ẹ̀bùn tó dára ni èyí tí èèyàn máa lò tán, bí ìpara, ọṣẹ àti ẹ̀pà, tàbí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń kàn ní gbogbo ọjọ́. Ohun ẹ̀ṣọ́ lásán, ẹ jẹ́ kó wà nílé ẹni tó ń tà á.

Èló ló yẹ kí n ná?

Kó má kọjá 2.000 sẹ́fà lórí ẹ̀bùn kan. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣírò, ó lè jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà dínwó ju tiyín lọ. Irinṣẹ́ ló máa ń jẹ owó ju nǹkan tí a fi ń ṣe é lọ. Ẹ yá àlùmọ́gàjí, ẹ má rà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe òṣùká tí kì í tú?

Ẹ wá aṣọ òwú àtijọ́ tó ti rọ̀. Ẹ ya á ní gbọọrọ, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí gígùn rẹ̀ sì ju ìnàsí apá méjèèjì lọ díẹ̀. Ẹ ká a bí ẹni ń ká ẹní, kí ó le dáadáa, kí ẹ wá ṣẹ́ ẹ po di òrùka. Ihò àárín kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọ kékeré lọ. Bó bá tóbi jù, ìdí igbá á máa kan àtàrí. Bí kò bá sí ihò rárá, òṣùká á máa yí lórí.

Ẹ mú ègé ànkárá tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, kí ẹ fi wé òrùka náà yíká. Kí ìdajì wíwé kọ̀ọ̀kan gun orí èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ máa fà á le bí ẹ ṣe ń lọ. Ibi tó parí sí, ẹ fi abẹ́rẹ́ ran án pa, ẹ má kàn kì í bọ abẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń tú. Ẹ má lo aṣọ tó ń dán, ó máa ń yọ̀. Kí ẹ tó gbé e fún un, ẹ gbé garawa omi tó dé ìdajì lé e, kí ẹ fi rìn yí àgbàlá ká. Orí yín á sọ fún yín bóyá ó tó.

Ẹnì kan bi mí bóyá kò ní dà bíi pé à ń sọ fún ìyá pé kó máa lọ ru ẹrù. Ìyá tó fi igbá orí rán ọmọ níléèwé kì í bínú sí òṣùká. Bí tiyín bá ti fi ọjà sílẹ̀, ẹ ṣe èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi máa gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀.

Níbo ni mo ti lè rí ègé aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́?

Lọ́dọ̀ aránṣọ àdúgbò. Inú àpò ni ọ̀pọ̀ wọn ń kó o sí, tó bá kún, wọ́n á dà á nù tàbí kí wọ́n sun ún. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọdún, nígbà tí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ má jókòó pẹ́, torí oníbàárà wà lọ́rùn wọn. Bí ẹ bá mú àpò òfìfo dání láti fi rọ́pò tiwọn, ẹ máa rí i pé wọn á pè yín nígbà mìíràn.

Tí ẹ bá kó o délé, ẹ ya òwú gidi sọ́tọ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó, á rùn bíi bébà tó ń jó, á sì di eérú. Èyí tó bá yọ́, tó ká jọ di kókó líle, rọ́bà ni. Ẹ má fi ṣe ohun ìgbé ìkòkò, yóò yọ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ẹ fọ aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ aró lọ́tọ̀ kí ẹ tó rán wọn mọ́ funfun.

Àpò ọjà ńkọ́?

Ó dára, ó sì bọ́ sí àsìkò, nítorí òfin ọdún 2017 ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń rí i. Aṣọ méjì tó dọ́gba, ẹ fi ojú wọn kojú, ẹ ran ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ẹ yí i síta. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ já, nítorí náà kí ẹ ran ìdí ọwọ́ ní onígun mẹ́rin, kí ẹ tún fa ìlà méjì kọjá láàárín rẹ̀.

Ìpara wo ni mo lè ṣe tí kò ní bàjẹ́ kíákíá?

Òrí àti àdí àgbọn. Láti òkè lọ́hùn-ún, lọ́nà Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé Borgou, ni òrí ti ń wá; àgbọn sì wà nílẹ̀ wa níbí, lẹ́bàá òkun. Ẹ wọn òrí ṣíbí mẹ́ta sí àdí ṣíbí kan. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ tí òrí máa ń le, ẹ fi àdí kún un. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹta tí oòrùn ń mú, ẹ dín in kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpara á di omi nínú báàgì.

Ẹ má gbé òrí sórí iná tààrà. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná títí á fi yọ́. Gbàrà tó bá ti yọ́, ẹ da àdí pọ̀ mọ́ ọn, ẹ rò ó, ẹ dà á sínú ìgò kékeré, kí ẹ sì gbé ìgò náà sínú omi tútù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe nìyí, wọ́n á wá máa bú ẹni tó ta òrí fún wọn pé ó po iyanrìn mọ́ ọn. Òrí tó bá falẹ̀ kó tó dì ló máa ń ṣe wóróworó. Èyí tó bá tètè tutù á kúnná.

Òórùn ńkọ́? Ẹ sá ewé tíì gbẹ kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú àdí. Ewé tútù ní omi nínú, omi ló sì ń mú ìpara bu. Ìgò náà pẹ̀lú, ẹ fi omi híhó ṣàn án, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe àdí àgbọn fúnra mi?

Àgbọn tó gbó ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí a ń mu omi rẹ̀. Ẹ rin ín, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ẹ fọwọ́ fún un, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi omi funfun náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ á léfòó. Òun nìkan ni kí ẹ bù sórí iná jẹ́jẹ́. Yóò máa dún, yóò máa hó. Nígbà tí ariwo rẹ̀ bá rọlẹ̀, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sì pọ́n, omi ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ̀ ọ́ kó tó jóná.

Bí ẹ bá jí láàárọ̀ ọyẹ́ tí ẹ rí i pé àdí ti dì funfun nínú ìgò, kò bàjẹ́. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 24, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Ẹ gbé e sí oòrùn.

Ọṣẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé kò ṣòro.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ ti ọwọ́ tí sódà alájónilára máa ń jẹ. Ẹ má ṣe é níbi tí ọmọdé wà, ẹ má sì ṣe é nínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù, ó máa ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀, sódà ni à ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé sódà, torí ó lè ta síni lójú.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ ra ọṣẹ dúdú lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ gún un nínú odó kékeré pẹ̀lú oyin díẹ̀ àti òrí bíńtín, kí ẹ sì máa yí i ní róbótó róbótó. Ẹ fi ewé gbígbẹ wé e. Kò sí àna tàbí àǹtí tó ń bi mí bóyá èmi ni mo sun eérú rẹ̀.

Kí ni mo lè ṣe fún ọmọ kékeré?

Ẹ bi ara yín ní ohun kan ṣáájú: kí ló lè kó sí i lọ́fun? Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má ran bọ́tìnnì sójú ọmọláńgidi, òwú dúdú ni kí ẹ fi ṣe ojú. Ara rẹ̀ ẹ lè fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ ṣe, kí ẹ ki ègé aṣọ bọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aṣọ ọmọláńgidi náà jẹ́ irú aṣọ tí ìyá rẹ̀ ní, ìyẹn ló ń mú kí ọmọ gbé e sùn.

Fún àwọn tó ti tó ọdún mẹ́fà sókè, igi ìko. Inú rẹ̀ rọ̀, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́, ó sì pọ̀ ní àwọn àbàtà tó yí wa ká. Mọ́tò, ilé, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ọmọ àgbà ń fi ṣe. Èèpo líle ara igi ìko, tí ẹ bá là á wẹ́wẹ́, ni ìṣó tí ẹ ó fi kan án pọ̀. Ìdérí ìgò ọtí dára fún táyà. Bó bá jẹ́ agolo sàdíìnì ni ẹ fẹ́ fi ṣe mọ́tò, ẹ fi òòlù tẹ etí rẹ̀ wọnú kí ẹ tó fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ọpọ́n ayò wọ́n. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Ó wà, ó sì rọrùn dé ibi pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Páálí ẹyin ọgbọ̀n ní ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ìlà méjì kúrò lára rẹ̀, ihò méjìlá ti pé. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rí ọmọ ayò, ẹ ṣa èkùrọ́ tó dọ́gba, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a. Kí páálí má bàa ya, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó pẹlẹbẹ, kí ẹ fi ègé bébà àti lẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ bò ó ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Bàbá àgbà tó ti pẹ́ tó ta ayò kẹ́yìn yóò kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà á ní kí ẹ jókòó.

Bàbá mi kì í fẹ́ nǹkan kan. Kí ni mo lè fún un?

Orín àta. Ẹ gé e ní ìwọ̀n kan náà, ẹ bó èèpo orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ìko dì í ní ìdì kékeré kékeré. Bí kò bá ń run orín, ẹ rán àpò fún fóònù rẹ̀, èyí tó ní okùn tó lè fi kọ́ ọrùn, kó má bàa máa wá a kiri. Ọdún àwọn bàbá máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù Kẹfà, kò sì sẹ́ni tó ń rántí, nítorí náà ohunkóhun tí ẹ bá gbé wá á yà á lẹ́nu.

Ṣé oúnjẹ lè jẹ́ ẹ̀bùn?

Àní òun ló dára jù fún ẹni tó ń gbé ní Kùtọnú tí kò ráyè dáná. Ẹ̀pà yíyan nínú ìgò ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ ṣa èyí tó bu, tó dúdú tàbí tó hunjọ dànù kí ẹ tó yan án. Oró tí ebu ń fi sínú ẹ̀pà kì í kúrò pẹ̀lú iná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, ẹ sá a, ẹ fi iyanrìn mímọ́ gbígbóná yan án, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ó gbọdọ̀ tutù pátápátá kó tó wọ ìgò, torí ooru tó bá há síbẹ̀ á di omi, ẹ̀pà á sì rọ̀.

Ata gbígbẹ tí ẹ gún, ìṣápá pupa gbígbẹ, àádùn: gbogbo rẹ̀ dára. Àádùn kì í pẹ́, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é.

Ṣé mo lè pa aṣọ láró nílé?

Bí ẹ bá fẹ́ èlú gidi, ẹ lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ aláró, kò ṣeé kọ́ lórí ìwé. Aró inú agolo tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń bá sódà rìn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níta. Èyí tó rọrùn ni èèpo àlùbọ́sà. Ẹ máa kó o jọ fún oṣù kan, ẹ sè é, ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú omi tí ẹ kọ́kọ́ rẹ aṣọ sí kí àwọ̀ lè dì í mú. Á fún yín ní àwọ̀ ìyeyè tó ń fà sí pupa rúsúrúsú. Ẹ fi ìko so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ náà kó tó wọ inú omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ oníko. Aṣọ òwú gidi ni kí ẹ lò.

Ọmọ mi rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ó sì ń sunkún pé òun fẹ́ ère orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún ìran ènìyàn lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn ni ó ti ní ẹni tó ń gbẹ́ ẹ àti ẹni tó ń gbé e. Ẹ ṣe orí ẹranko fún ọmọ yín: ìjàpá, ẹyẹ, àgbò. Ẹ fi epo pa ẹ̀yìn igbá, ẹ ya bébà ìròyìn wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú lẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí ìpele kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Tó bá le, ẹ yọ igbá kúrò, ẹ lu ihò ojú, ẹ kùn ún.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Ó wà lọ́wọ́ òjò. Ọdún ìyá àti ọdún bàbá máa ń bọ́ sínú òjò ńlá ìhà gúúsù, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje. Lẹ́ẹ̀ kì í gbẹ nígbà náà, bébà á bu. Aṣọ rírán, àdí àti ìpara ni kí ẹ ṣe. Ohun tó jẹ mọ́ bébà, páálí àti ọ̀dà, ẹ fi í di ìgbà ọyẹ́, tó bá Kérésìmesì mu gẹ́lẹ́.

Kí ni kí n fi dì í?

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, tàbí ègé aṣọ tí òun náà á wúlò. Ìko ni okùn.

Ṣé mo lè gbé ẹ̀bùn ọwọ́ mi lọ fún àna níbi ìdána?

Rárá o. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni wọ́n ń retí. Ẹ dúró di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.

Nínú gbogbo rẹ̀, èwo ni ìwọ gan-an máa fún ìyá rẹ?

Kàyé, ìyẹn ìwé ìkọ̀wé, tí a kọ oríkì ìdílé sí. Kàyé kan àti bíkì (kálámù) kan, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ wa ń ka ewì Faransé láìṣìnà níléèwé, bí ẹ bá sì kí wọn ní oríkì baba ńlá wọn, wọn kò ní mọ̀ pé àwọn ni ẹ ń kí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń lọ.

Ẹ lọ bá àgbà náà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ bá ti tán. Ẹ má gbé kàyé jáde, fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gba ohùn rẹ̀, nítorí oríkì kì í dúró de ẹni tó ń kọ̀wé. Bí ẹ bá dá a dúró pé kó tún un sọ, yóò sọ òmíràn tó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín, torí ó dájú pé yóò rántí nǹkan tuntun. Ẹ padà lọ kà á fún un. Yóò bá yín tún un ṣe, á bínú sí àwọn ibì kan, á rẹ́rìn-ín sí àwọn ibòmíràn. Ẹ bi í bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà lórí bébà. Bó bá ní ó wà, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kì í àti ọdún tó kì í sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ fi ègé aṣọ ìyá náà bo ẹ̀yìn kàyé. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà nílé àti lẹ́yìn odi.

Níbo ni mo ti lè ra ìko, igbá àti ìkòkò kékeré?

Ẹ lọ sí Adjarra lọ́jọ́ ọjà rẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni àwọn amọ̀kòkò àti àwọn tó ń ṣe ìlù àti agbọ̀n ń pàtẹ sí. Ẹ tètè lọ láàárọ̀. Ẹ fi ìka kan ìkòkò kí ẹ tó sanwó: èyí tó bá dún gbọnrangandan ló pé, èyí tó bá dún bọ̀lọ̀ ti sán níbì kan.